Ẹ̀kọ́ Karùn-ún

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2018, mo dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ìrọ̀lẹ́ Ba Kapembwa ní Kasama, mo sì yí padà láì wọlé. Aago márùn-ún ti lé ní ogún ìṣẹ́jú. Òjò ń rọ̀. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì, mo ń wo inú kíláàsì láti ojú fèrèsé. Àwọn mẹ́rìnlá ló jókòó níbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ogún ọdún lọ, èmi sì ti pé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ba Kapembwa dojú kọ pátákó, ó yí orí sí apá òsì díẹ̀ bó ti máa ń ṣe, kí ojú ọ̀tún lè rí ohun tí ọwọ́ ń kọ. Ojú òsì rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún 2015. Èyí tó kù yẹn náà ló fi ń kàwé, òun ló fi ń ríran rìn.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni ti ọjọ́ náà. Mẹ́rin péré ni mo jókòó gbọ́.

Mi ò lè sọ pé n kò mọ ẹni tí mo kẹ̀yìn sí. Ba ni àwa Bemba máa ń fi ṣáájú orúkọ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún. Ba Kapembwa ló kọ́ mi ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, láti ọdún 2009 títí di 2012. Àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n la bẹ̀rẹ̀, àwa mẹ́sàn-án la parí. Iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe lọ́sàn-án nígbà náà, ní àdúgbò Chiba. Bí mo bá ti fọ ọwọ́ tán, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń rìn dé kíláàsì. Ní ọdún 2010, ìsàlẹ̀ bàtà mi ti òsì já, mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dè é fún oṣù márùn-ún. Àbẹ́là kan ni àwa mẹ́rin ń pín ní orí tábìlì kan. Ẹni tó bá jókòó sí ìpẹ̀kun kì í rí ohun tó ń kọ dáadáa, èmi ni mo sì máa ń pẹ́ dé jù, nítorí náà ìpẹ̀kun ni tèmi. Nígbà tí ìwé ìkọ̀wé mi tán ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí n kò sì lè ra òmíràn, Ba Kapembwa fún mi ní ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n máa ṣe ìṣirò lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fi ìka pa ibi tí mo bá ti ṣì í rẹ́.

Òun ló kọ lẹ́tà tí mo fi rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ojú. Káàdì àwọn aláìsàn ni mò ń tò níbẹ̀. Dókítà ojú kì í gbé ọ̀dọ̀ wa; láti ọ̀nà jíjìn ló ti ń wá, ní oṣù kìn-ín-ní, oṣù kẹrin, oṣù keje àti oṣù kẹwàá, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ogójì ènìyàn ló lè wò nígbà kan. Lára káàdì ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń kọ ọjọ́ tí ó fẹ́ tún rí i sí. Sístà Jere, nọ́ọ̀sì wa, a máa lo odidi ọjọ́ méjì láti fi ọwọ́ to káàdì wọ̀nyẹn, kí ogójì tí ọjọ́ wọn ti pé jù lè bọ́ sókè, kó tó pè wọ́n lórí fóònù. Ba Kapembwa wà lára wọn. Àrùn tó ṣe é ni èyí tí omi inú ojú ń le sí i díẹ̀díẹ̀, tí ń pa iṣan ojú láìro. Ẹni tó ní i kì í mọ̀ ọ́n lára. Àfi kí dókítà wọ̀n ọ́n.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, lẹ́yìn tí wọ́n wọn ojú rẹ̀ tán, ó yà sọ́dọ̀ mi níbi tí mo ti ń to káàdì.

Ó ní, "Kabaso, títí di ìgbà wo ni wàá máa fi ọwọ́ to páálí?"

Mo ní, "Títí ẹ ó fi rí iṣẹ́ mìíràn fún mi, Ba Tíṣà."

"N kò rí iṣẹ́. Ìjókòó ni mo rí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti gbà kí n kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè kọ̀ǹpútà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọn ò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ. Mo ti kọ orúkọ rẹ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní tòótọ́, inú mi kò dùn bó ti yẹ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́. Mo rò pé mo ti jẹ tèmi tán nínú ìyà yẹn.

Bó ṣe ń kọ́ni kò yí padà. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, títí ìwé olójú-ewé ọgọ́rin yóò fi kún. Pẹ́ńsù la fi ń kọ gbogbo àṣẹ tí a fẹ́ pa fún ẹ̀rọ, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kọ ọ́ tán, ẹni tó jókòó tì wá ni yóò ṣe kọ̀ǹpútà: á ka ohun tí a kọ, á ṣe gẹ́lẹ́ ohun tó wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n orí tirẹ̀ kún un. "Jẹ́ kọ̀ǹpútà fún un," ni Ba Kapembwa máa ń wí. Ní ẹ̀kọ́ kẹrin, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nsama, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ló jẹ́ kọ̀ǹpútà fún mi. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ni kí a kó orúkọ mẹ́wàá sílẹ̀, kí a kà wọ́n. Nsama kà á dé ìlà kẹfà, ó padà sí ìlà kejì, ó tún ka á dé ìlà kẹfà, ó tún padà. Ó ń ṣe é láìrẹ́rìn-ín, ó ń mi orí bí aago. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀meje ni gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Nsama, sinmi, àgbà yìí fẹ́ pa ọ́."

Nsama ní, "Mi ò lè sinmi. Kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n sinmi."

Ba Kapembwa náà rẹ́rìn-ín. Ó gba ìwé mi, ó fi bírò pupa fa ìlà sí ibẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Àṣìṣe tó dára nìyí. Ẹni tó bá ṣe é níbí kò ní ṣe é níta." Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Lombe. Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ó ń tún fóònù ṣe ní ojú ọ̀nà ọjà. Òun náà mọ èdè kọ̀ǹpútà, kò sì jókòó ní kíláàsì kankan.

Ó ní, "O tún ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́, Kabaso? Pẹ́ńsù ni wọ́n máa gún mọ́ orí sàréè rẹ."

"Ba Tíṣà ló ní kí n wá."

"Ẹ ti tan kọ̀ǹpútà?"

"Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Ó gbé fóònù tó ń tú sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹni tó ń kọ́ omi wíwẹ̀ lórí ẹní." Ó yọ mẹ́mórì kékeré kan jáde láti inú agolo. "Fídíò méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú èyí. Ará Íńdíà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó máa ń sáré díẹ̀, ṣùgbọ́n o lè dá a dúró kí o tún un gbọ́. Ṣé o lè dá Ba Kapembwa dúró?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà.

"Ohun kan ṣá. Èmi, mo ní àwọn kan lórí fóònù, a ò rí ara wa rí. Iṣẹ́ tí mo bá ṣe ni mo máa ń fi hàn wọ́n. Wọ́n máa ń bú mi bí ẹni pé mo jalè. Ìwọ náà wá ẹni tí yóò máa bú ọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé n kò ní lọ sí kíláàsì mọ́.

Bó ṣe di pé mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ kẹfà nìyẹn. Mo ní ìdí tí mo rò pé ó tọ́. Ara mi ń fẹ́ ìsinmi, ẹ̀rín àwọn ọmọdé ń dùn mí, ohun tí mo sì ń wá lè dé ọwọ́ mi kíákíá. Mo lo bí ìṣẹ́jú márùn-ún níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo fi ọ̀rá bo ìwé mi, mo lọ.

N kò ní purọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ àdákọ́. Mo kọ́ ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń dé ilé ìwòsàn, kí àwọn aláìsàn tó dé, mo sì máa ń lo kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì fún wákàtí kan àbọ̀. Ìdùnnú tí mo ní ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣe ohun tí mo ní kó ṣe, n kò ní irú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá kọ́ ẹ̀kọ́ ni olùkọ́, òun ni akẹ́kọ̀ọ́, òun náà ni yóò máa ṣe ìdánwò fún ara rẹ̀, yóò sì máa yege. Fídíò kẹtàlélógún gùn ní ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ọ̀rọ̀ nípa irúfẹ́ nǹkan ló wà nínú rẹ̀: bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ pé èyí jẹ́ iye, èyí jẹ́ ọ̀rọ̀, èyí jẹ́ ọjọ́. Ó sú mi lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo fò ó. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ mi pé èé ṣe.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, mo ti kọ ètò kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí Sístà Jere ń fi ọjọ́ méjì ṣe. Ẹ ó tẹ orúkọ aláìsàn sí i, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ọjọ́ tí dókítà fẹ́ rí i. Bí àkókò dókítà bá tó, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì kan, yóò to gbogbo wọn ní bí ọjọ́ wọn ṣe ṣáájú ara wọn, yóò sì tẹ ogójì àkọ́kọ́ jáde sórí ìwé. Mo fi orúkọ márùn-ún dán an wò. Ọjọ́ márààrún tí mo fi sí i wà nínú oṣù kẹfà. Ó tò wọ́n bó ti yẹ. N kò fi han Lombe. N kò fi han Ba Kapembwa, nítorí ojú ń tì mí pé mo sá kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Mo fẹ́ kó gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ni a bẹ̀rẹ̀ sí lò ó. Orúkọ méjìdínlọ́gọ́fà la tẹ̀ sí i. Sístà Jere kó gbogbo káàdì sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í.

Ó ní, "Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Ó jẹ́ kí ará Bemba kan ní làákàyè."

Ọmọ Ngoni ni, láti Chipata. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láàrin àwọn Ngoni àti àwa Bemba. Àwọn baba wa bára wọn jagun, àwa ọmọ wọn wá ń fi èébú ṣe eré: a ń pè wọ́n ní ọ̀jẹ-eku, wọ́n ń pè wá ní ọ̀jẹ-ọ̀bọ, a tún máa ń pe obìnrin wọn ní ìyàwó wa, kódà ní ibi òkú. Èébú kì í tán níbẹ̀. Ẹni tó bá bínú ló pàdánù.

Dókítà dé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Ba Kapembwa fúnra rẹ̀ wá, láìjẹ́ pé a pè é. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ìta, ó mú ọ̀pá tó ń lò láti ìgbà tí ojú òsì ti fọ́ dání. Mo wà ní ìdí kọ̀ǹpútà, mo sì ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

Sístà Jere fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, ó ní, "Bàbá Mutale, ta ló ránṣẹ́ pè yín?"

"Kò sí ẹni tó pè mí. Ìparí oṣù kẹfà ni dókítà kọ sí káàdì mi nígbà tó wò mí ní oṣù kẹrin. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi nítorí pé ẹ rí eku sọdá."

"Ẹ ò sí nínú ogójì. Ẹ lọ sílé. Irun ọ̀bọ tí ẹ jẹ lánàá ló bo ojú yín."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ba Kapembwa náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó kúkú sàn kí ọ̀bọ bo ojú mi ju kí eku máa sá kiri nínú ikùn mi. Wo ìwé yẹn dáadáa, ìyàwó mi."

"Èmi kọ́ ni mo to ìwé. Kọ̀ǹpútà ló tò ó. Ọmọ yín tó wà nínú ilé yìí ló sì ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ jà, ẹ bá ará yín jà."

Ba Kapembwa yí ojú sí fèrèsé. Ó yí orí sí apá òsì díẹ̀ kó tó rí mi.

"Kabaso. Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi ni, mukwai," mo ní, bí a ti ń dá àgbà lóhùn.

"Láìsí kíláàsì?"

"Mo dá a kọ́, Ba Tíṣà."

Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún, méjèèjì pọ̀. Ó wá ní, "Orúkọ mi kò sí níbẹ̀?"

Ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde wà lọ́wọ́ mi. Mo wo ogójì orúkọ. Tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo lè wo gbogbo àkójọ náà títí dé ìsàlẹ̀ kí n rí ibi tí ó wà. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú kan. Mo lè gba kọ́kọ́rọ́ kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò ṣe méjèèjì.

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé, Ba Tíṣà. Àwọn tó ṣáájú yín ló pọ̀. A máa pè yín."

Sístà Jere ní, "Ẹ gbọ́, ọ̀jẹ-ọ̀bọ? Ẹ máa lọ."

Ó dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ wá ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọmọ òun bá ti wí bẹ́ẹ̀, ó parí. Bó bá tún béèrè, yóò dà bí ẹni tí inú ń bí, èyí kì í sì í ṣe ohun tí Bemba ń jẹ́ kí Ngoni rí. Ó lọ.

Ní oṣù kẹwàá, dókítà tún wá, ẹ̀rọ tún tẹ ogójì jáde. A kò pe Ba Kapembwa. Òun náà kò wá. Ó ń dúró de ìpè wa.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ó ń kọ nǹkan sórí pátákó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, ó kọ ọ́ kọjá etí pátákó sórí ògiri, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Nsama ló dìde mú un lọ́wọ́. Ìyá Mutale, ìyàwó rẹ̀, gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ndola ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé oṣù kìn-ín-ní ni dókítà tiwa yóò tó padà. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Lẹ́tà wọn dé ọ̀dọ̀ wa ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Sístà Jere kà á lórí ìdúró. Ó ní iṣan ojú ọ̀tún ti kú, kò sí ohun tí a lè fi jí i. Ó ní bí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n ní oṣù keje ni, wọn ì bá ti yí oògùn rẹ̀ padà, tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ó jókòó. Kò fi èébú kankan kún un.

Ó ní, "Kabaso, báwo ni a ṣe fo ọkùnrin yìí láti oṣù kẹrin?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Mo wo àkójọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ṣe é. Ba Kapembwa wà ní ipò kẹtàlélọ́gọ́rùn-ún. Ọjọ́ tí dókítà kọ fún un ni 30/06/2018. Lókè rẹ̀ ni ẹnì kan wà tí ọjọ́ tirẹ̀ jẹ́ 04/10/2018. Lókè ẹni yẹn, 02/12/2018. Gbogbo ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, oṣù yòówù kó jẹ́, wà lókè. Gbogbo ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá wà ní ìparí oṣù wà ní ìsàlẹ̀, wọn yóò sì máa wà níbẹ̀ títí. Bí mo ṣe kọ ètò náà, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọjọ́ ni. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ni, ó sì tò wọ́n bí a ti ń to ọ̀rọ̀, láti àmì àkọ́kọ́ ní apá òsì. Òdo ṣáájú ẹ̀ta. Ó ti tán.

Mo wá fídíò kẹtàlélógún, mo wò ó títí dé òpin. Ìlà kan ṣoṣo ni mo yí padà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà mí.

Àwọn mọ́kànlá mìíràn wà tí ọjọ́ wọn ti kọjá bíi tirẹ̀. A pè wọ́n, a rán wọn lọ sí Ndola. Mẹ́wàá nínú wọn, ojú wọn ṣì wà bó ti wà. Ẹni kọkànlá ti kú ní oṣù kẹjọ, ikọ́ ló pa á, kì í ṣe ojú.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà kiri kí n tó lọ sọ ọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kọkànlá, ni mo lọ sí ilé wọn. Sístà Jere tẹ̀lé mi. Ba Kapembwa jókòó lábẹ́ igi píà, Ìyá Mutale ń pa ẹ̀pà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ba Kapembwa gbọ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá Mutale," ni Sístà Jere wí.

"Háà. Ìyá Mutale, tọ́jú ẹ̀pà rẹ. Àwọn ọ̀jẹ-eku ti dé, bí wọn ò bá rí eku, wọ́n á kó oúnjẹ eku."

Ó dúró de èsì. Sístà Jere jókòó sórí àpótí tí Ìyá Mutale gbé fún un, ó fi etí aṣọ bo ojú. N kò rí Ngoni tó pàdánù rí títí di ọjọ́ náà.

Mo kúnlẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ bí a ti ń kí àgbà ní ọ̀dọ̀ wa, mo sì sọ ohun gbogbo. Ba Kapembwa gbọ́ mi dé òpin. Kò bínú. Ó béèrè pé kí n tún ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ wà sọ. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó wá èjìká mi, ó rí i.

"Jẹ́ kọ̀ǹpútà fún mi," ó ní.

Mo ní, "Ba Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́."

"Jẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kẹfà. Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá. Èwo ló ṣáájú?"

"Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí òdo ṣáájú ẹ̀ta."

"Ṣé o ò wo oṣù?"

"N kò dé ibẹ̀, mukwai. Láti àmì àkọ́kọ́ ni mo ti pín wọn."

Ó mi orí. Bó ti máa ń mi orí nìyẹn ní ọdún 2011, nígbà tí ìdáhùn mi bá tọ́ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. "Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ kíláàsì ni mo fi ń kọ́ ọ. Mo máa ń ní kí wọ́n tò lórí ìlà gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe máa tò wọ́n, kí ọmọ kékeré bọ́ síwájú ẹ̀gbọ́n. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Wọn kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́." Ó tẹ èjìká mi. "Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni."

"Mo mọ̀."

"Òjò rọ̀ ní ọjọ́ yẹn. Mo wo ìta kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo rí ẹnì kan lábẹ́ igi máńgòrò. Mo rò pé ìwọ ni. Mo tún rò pé bó bá jẹ́ ìwọ ni, wàá wọlé. Ó yẹ kí n jáde wá pè ọ́."

Mo ní, "Ẹjọ́ yín kọ́."

"Ó sì tún yẹ kí n bínú ní oṣù keje. Mo dákẹ́, tara mi bá mi dákẹ́." Ó mú ọwọ́ kúrò ní èjìká mi. "Àwọn yòókù ńkọ́?"

Mo sọ fún un nípa àwọn mẹ́wàá, àti ẹni tó kú.

"Ó dára. O ti tún un ṣe?"

"Mo ti tún un ṣe."

"Ta ló bá ọ wò ó?"

Kò sí ẹni tó bá mi wò ó. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó bu ẹ̀pà fún wa.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo gbé ètò náà lọ sọ́dọ̀ Lombe, mo ní kó bú mi. Ó wò ó fún wákàtí méjì. Ó rí àṣìṣe mẹ́ta mìíràn. Kò bú mi.

Mo gbìyànjú láti padà sí kíláàsì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Ba Kapembwa fi ẹnu kọ́ wa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Nsama ń bá a kọ̀wé sórí pátákó. Ṣùgbọ́n kò lè ka ìwé wa mọ́, kò lè fi bírò pupa fa ìlà sí ibi tí a ti ṣì í, ó sì sọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹni tí kò lè rí àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe olùkọ́. Wọn kò rí ẹlòmíràn tí yóò gbà láti kọ́ni pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ìwé mi olójú-ewé ọgọ́rin ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé mẹ́tàdínlógún ni mo kọ kí n tó sá.

Ba Kapembwa kò ríran mọ́. Kíláàsì náà parí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2019, kò sì sí òmíràn ní Kasama.